Ẹ Dijú Kí Ẹ Tó Rà Á

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń wí? Òun ni mo gbé sọ́kàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo yẹ páálí rẹ̀ wò, mo yẹ ara rẹ̀ wò, mo wo gíláàsì ojú rẹ̀ bóyá ó ti ha. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀ kí n rí i. Ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. "Ẹ wò ó, Màmá, ó ń ṣiṣẹ́." Mo wò ó, mo sanwó.

Ọmọ tí mo rà á fún kò ríran. Èéyi ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó fẹ́ fi gboyè ló fẹ́ lò ó fún. Ẹkún ìyàwó ló ń ṣèwádìí lé lórí, kò sì fẹ́ èyí tí àwọn ọmọdé ń há sórí fún ìdíje ilé ẹ̀kọ́. Ti ẹni tó sun ún gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ ló ń wá. Ó rí ìyá kan ní Ìsẹ́yìn tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó gbé àga jókòó tì wọ́n, ó tẹ bọ́tìnnì tí mo ti mú ìka rẹ̀ fi hàn án, ó ki íapíìsì bọ etí, ohùn ìyá sì ń wọlé kedere. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìyá fi sun ẹkún tí wọ́n ti sun kẹ́yìn nígbà ọmọge. Nígbà tí ọmọ délé tó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, káàdì ṣófo.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, n ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà yékéyéké, torí ọ̀fìn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún àwọn olórin àti oníròyìn. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò tíì gba nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń múra ni. Iná pupa á máa ṣẹ́jú, ohùn á sì máa wọ inú íapíìsì kí ẹ lè mọ bó ṣe lọ sókè tó. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni iná á dúró gbọin, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbohùnsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa fi etí ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ sì tan etí rẹ̀ jẹ: ó ń gbọ́ ohùn, ó rò pé ohun tí òun ń gbọ́ ti wà ní ìpamọ́. Gbogbo ìgbà tí ìyá fi ń sunkún, iná ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ń dúró de ìka lẹ́ẹ̀kan sí i.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ṣe é. Kí ni ì bá ná wọn láti fi "pí" kan sí ìtẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi "pí-pí" sí èkejì? Ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ohùn lọ ni kò lè fọhùn sí ẹni tó ni ín!

Rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi kò níwà yìí. Bọ́tìnnì méjì lẹ ó tẹ̀ pọ̀, wọ́n á rì wọlé, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ṣì wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ bí téèpù ṣe ń yí. Tó bá tán, wọ́n á ta sókè, "kẹ́!" Ẹni tó ṣe é kò ní afọ́jú lọ́kàn, síbẹ̀ afọ́jú a máa lò ó láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á fún ẹni yín, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wà. Olympus ti ń fi ohùn atọ́nà sínú àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DM tipẹ́tipẹ́, kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ OM Digital Solutions ní 2021. Ní 2024, Zoom gbé H1essential, H4essential àti H6essential jáde, wọ́n sì fi ohùn atọ́nà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́jà má kàn sọ fún yín pé "ó ń sọ̀rọ̀" kí ẹ sì gbà. Kí ló ń sọ? Ṣé ó ń sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dúró? Ṣé ó ń sọ bí bátìrì ṣe kù sí? Bí ẹ bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, ṣé ó ń pe orúkọ ohun tó fẹ́ parẹ́, àbí ó kàn ń dún? Kí wọ́n tan ohùn náà níṣojú yín kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí bó bá jẹ́ inú ètò tí kò sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń tàn án, afọ́jú kò ní lè dé ibẹ̀ láé. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ọmọ wa padà wá rà ń sọ. Ó dùn mí pé ẹ̀rọ tó fi ń kó ẹkún ìyàwó jọ kò gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ bí ohùn ṣe ń lọ sókè tún wà, òun ló le jù. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ilà kékeré kan ló ń ga tó ń wálẹ̀ lójú gíláàsì. Tó bá ga jù, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sì ní àtúnṣe. Ojú nìkan ló lè ṣọ́ ilà yẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní 32-bit float, tó wà nínú àwọn Zoom tí mo dárúkọ yẹn, ló tú afọ́jú sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí wọ́n wá figbe ta lójijì, ẹ̀rọ á gba méjèèjì, ẹ ó sì lè gbé e sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nílé. Ó ń gba àyè o: wákàtí kan tó 1.4GB, nígbà tí WAV lásán onípele CD kò ju nǹkan bí 635MB lọ. Ẹ ra káàdì ńlá.

Bọ́tìnnì tó yọ sókè tí ìka lè mọ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe gíláàsì tí wọ́n ń fọwọ́ pa. Kí ó sì jẹ́ oníbátìrì tí a ń yọ: H1essential ń lo bátìrì kéékèèké méjì tí kíósì èyíkéyìí ní Ìsẹ́yìn ń tà, nígbà tí kò bá síná láti ọ̀sán.

Wọ́n á sọ pé fóònù ń kọ́? Òótọ́ ni, iPhone ti ní VoiceOver láti 2009, Android náà ní TalkBack. Fún ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì, ó tó. Ṣùgbọ́n kí ìpè kan wọlé láàárín ẹkún ìyá àgbà, ìyẹn ti bàjẹ́.

Mo wá fẹ́ bá òwe wa jà díẹ̀. Ojú tí mo là sílẹ̀ ní Ìkẹjà ló kó wa sí i. Iná tí ń ṣẹ́jú hàn sí èmi àti ọlọ́jà, a pè é ní ìgbohùnsílẹ̀, torí ojú tó bá rí ohun tó ń tàn kì í bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tiẹ̀ wo alákàn náà dáadáa. Òru ló ń jáde, inú ihò tó ṣókùnkùn ló ń gbé. Ojú wo ló fi ń ṣọ́ orí níbẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì. Ẹni tó bá ti ṣọdẹ rẹ̀ rí létí odò mọ̀ pé kí ẹsẹ̀ èèyàn tó balẹ̀ tán, ó ti wọlé. Nítorí náà, ẹ dijú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ki ẹ̀rọ bọ àpò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbohùnsílẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ tún un gbọ́, láìyọ ọ́ jáde. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má rà á.

Èyí tó sàn jù ni kí ẹ mú ẹni tó ni ín dání. Mo fẹ́ fi ẹ̀bùn ya ọmọ yìí lẹ́nu ni mi ò fi sọ fún un. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó fi NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka kọ̀ǹpútà sí i létí, wá ìwé ìlò ẹ̀rọ náà rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ká ní mo ti dárúkọ ẹ̀rọ náà fún un ṣáájú ni, ì bá ti dá mi dúró.

Ó padà sí Ìsẹ́yìn pẹ̀lú èyí tó ń sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Inú ìyá dùn láti rí i. Wọ́n sun ẹkún fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì dákẹ́. Ó ní, "Ìyá, ibi tí ẹ ti ń dágbére fún ìyá yín ń kọ́?"

"Mo ti sun ìyẹn fún ọ lọ́jọ́sí, ọmọ mi. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Kò lè sọ fún wọn pé kò sí lọ́wọ́ òun.