Ohun tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí ní Jos, owó ńlá ni
Kí oníṣòwò tó da pàǹtírí nù, kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tíìnì làwọn òyìnbó awakùsà wá lọ sí Jos. Kọ̀lọ́ḿbáìtì, iyanrìn dúdú tó ń bá a jáde, ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí. Nígbà tó di ọdún 1952, Amẹ́ríkà ń fojú méjèèjì wá a fún irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ló bá di owó ńlá.

Òkìtì iyanrìn bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́násáìtì inú rẹ̀ ní ìtànṣán tó léwu, kò ṣe é fi kọ́lé. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007. Àyẹ̀wò ni kó ṣáájú, kówó tó tẹ̀ lé e.