Yíyan Alumíníọ́mù fún Férémù Fèrèsé

Igi ni àwọn gbẹ́nágbẹ́nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi ń ṣe férémù fèrèsé nígbà kan rí. Alumíníọ́mù ló gbòde ní Òkìtìpupa báyìí. Àwọ̀ tí ó wà lára òmíràn kì í ṣe ọ̀dà rárá. A ti rì í sínú omi ásíìdì, a sì ti fi iná mànàmáná gba ara rẹ̀ kọjá, títí èèpo líle fi hù jáde láti ara irin náà fúnra rẹ̀. Ihò tíntìntín inú èèpo yìí ni ó ń mu aró, kí a tó fi omi gbígbóná dí i.

Nítorí náà, ohun tí a bá pò mọ́ alumíníọ́mù ni yóò hàn lára èèpo. Oríṣi tí a ń pè ní 6063 ni ó yẹ férémù, nítorí magnísíọ́mù àti sílíkọ́nì inú rẹ̀ kò pọ̀. Èèpo rẹ̀ a mọ́ kedere. 2024, tí a fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, lágbára jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ ń sọ èèpo di ẹlẹgẹ́. Ti ẹ̀rọ ọkọ̀ àlòkù, tí àwọn tí ń da ìkòkò ń yọ́, kún fún sílíkọ́nì. Bí eérú ni yóò rí, aró yòówù tí a ìbáà lò.

Ẹni tí ń kọ́lé sí ìhà òkun Ìlàjẹ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa jẹ irin tí èèpo rẹ̀ kò dára, owó onílé a sì ṣòfò. Kí ó tó sanwó, kí ó béèrè oríṣi irin náà àti bí èèpo rẹ̀ ti nípọn tó. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 40, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ó yẹ létí òkun. Kí a má sì fi oríṣi irin méjì ṣe férémù kan ṣoṣo. Bí a tilẹ̀ rì wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ wọn kì í dọ́gba.