Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Sípíríǹgì Tó Yẹ Ọ̀nà Olókè

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Eku tó bá wúwo ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ yóò já bọ́. Èyí tí ìtẹ́ rẹ̀ bá sì tóbi jù fún un, òtútù ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò láàárín Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọ̀nà ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀nà Lẹ́kí. Bí a bá ti yà ní Ìtawúre, òkè la ó máa pọ́n. Ibi tí òkè bá parí sí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kòtò á sì wà níbi tí èèyàn kò fọkàn sí, pàápàá ní ìdí kọ́nà tí omi òjò ti gbẹ́ ọ̀dà títì lọ.

Irú ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbé Golf, Civic àti BMW tòkunbọ̀ gbà. Nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń rí èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti yọ ṣọ́ọ̀kì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kúrò, tó sì ti fi coilover rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, kó wo abẹ́ ọkọ̀ dáadáa: ara ṣọ́ọ̀kì náà ní ìlà yípo bíi ti bóòtì, òrùka irin kan wà lára rẹ̀ tí sípíríǹgì jókòó lé, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ tó ń ti ti àkọ́kọ́ pa. Bí a bá wé òrùka náà sókè, ọkọ̀ á ga. Bí a bá wé e sódò, ọkọ̀ á balẹ̀. Ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, nítorí kí ọkọ̀ lè balẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kó sì rí fáàrí ni wọ́n ṣe ń fi í sí i. Nígbà tó bá dé Ẹ̀fọ̀n, fáàrí tán, ìyà kù. Olówó ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípíríǹgì míì kiri, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Kí ẹ tó náwó sí sípíríǹgì, ẹ rí i dájú pé òun ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Ariwo gbà-gbà tí ẹ ń gbọ́ lẹ́sẹ̀ iwájú lè jẹ́ búṣì tó ti jẹ, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì, ó sì lè jẹ́ rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì tó ti ya. Bí òróró bá ti ṣàn sára ṣọ́ọ̀kì, tí eruku wá lẹ̀ mọ́ ọn, ṣọ́ọ̀kì ló kú, sípíríǹgì tuntun kò sì lè jí i. Àmì sípíríǹgì tó ti rẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìsí ẹrù, láìsí èrò. Nígbà míì, ìká ìsàlẹ̀ pátápátá á ti kán, á sì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí dọjọ́ tí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ká wá gbà pé sípíríǹgì ni lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tó le jù lọ, kòtò ọ̀nà yìí ti fẹ́ pa mí." Bí ẹ̀gbọ́n bá mọṣẹ́, á bi í pé, "Àbúrò, kílò mélòó ló wà lórí táyà rẹ?" Ọ̀pọ̀ kì í rí ìdáhùn fún un. Èrò tó gbòde ni pé sípíríǹgì tó le ló lágbára, pé èyí tó lágbára ni kòtò kò ní rí ṣe. Irọ́ ni. Iṣẹ́ sípíríǹgì ni pé kó gba táyà láyè láti sún sókè nígbà tó bá gun òkúta, kó sì tì í wálẹ̀ nígbà tó bá já sí kòtò, kí àgọ́ ọkọ̀ má baà bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní ọkọ̀ kékeré kan wọn 1,200 kílò, tí 720 nínú rẹ̀ sì wà níwájú nítorí ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 360. Bí a bá yọ bíi 40 kúrò fún táyà, rímù àti bíréèkì, tí ilẹ̀ ń gbé fúnra rẹ̀, 320 kílò ló kù lórí sípíríǹgì kan. Bí sípíríǹgì náà bá jẹ́ èyí tí kílò 4 ń tẹ̀ ní mìlímítà kan, ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní mìlímítà 80 lórí ìdúró lásán. Èyí tó le ní ìlọ́po méjì, tí kílò 8 ń tẹ̀ ní mìlímítà kan, 40 péré ni yóò wọlẹ̀. Mìlímítà 40 yẹn náà ni gbogbo ohun tó kù fún un láti fi ti táyà wálẹ̀ sínú kòtò. Bí kòtò bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, táyà á rọ̀ sófuurufú, sípíríǹgì á tú sílẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, á sì máa ró gbanja-gbanja. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ẹ ti ń tẹ bíréèkì wọ kọ́nà, táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ra èyí tó rọ̀ jù. Sípíríǹgì tó rọ̀ tó sì kúrú, wàhálà tirẹ̀ náà wà. Èyí tó gùn ní mìlímítà 180 kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e, tí ìká rẹ̀ ń fara kan ara wọn ní 80, ìrìn 100 péré ló ní. Bí 80 bá ti lọ lórí ìdúró, 20 ló kù. Gegele kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Aramọkọ sí Ìjerò á jẹ 20 yẹn tán, irin á wá máa lu irin. Nítorí náà, bí coilover yín bá gbà á, èyí tó gùn díẹ̀ sí i ni kí ẹ wá, kí ó sì rọ̀ níwọ̀n: irú bíi kílò 5 sí mìlímítà kan, gígùn 200, fún ọkọ̀ tí mo fi ṣàpẹẹrẹ yẹn. Àpẹẹrẹ ni o. Ọkọ̀ tiyín ni kí ẹ wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, pátákó irin kékeré kan wà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó pọ̀ jù tí iwájú àti ẹ̀yìn lè gbé sí. Ẹni tó ń fi bọ́ọ̀tù kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkógòsì wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ yan sípíríǹgì ẹ̀yìn bí ẹni tó ń dá nìkan wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíì kò sì ṣeé yá. Níwájú Golf, sípíríǹgì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí táyà gan-an, nítorí náà bó ṣe le náà ni táyà ṣe ń rí i. Nínú Civic tó jáde láàárín ọdún 1988 sí 2000, orí apá irin kan ló gúnlẹ̀ sí, nínú díẹ̀ sí táyà. Ìṣirò ibẹ̀ le: bí ó bá jókòó sí ìdajì apá náà, ìdá kan nínú mẹ́rin líle rẹ̀ ni táyà yóò rí. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì Civic fi máa ń ní nọ́ńbà tó ga, tí ọkọ̀ náà kò sì le.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Kí ló gbé ọkọ̀ yẹn gba gbogbo ọ̀nà burúkú Áfíríkà já? Sípíríǹgì tó rọ̀, tí ìrìn rẹ̀ gùn. Ní ọdún 1975 kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà; Jean-Pierre Nicolas tún fi irú rẹ̀ gbà á ní 1978. Nígbà tí wọ́n sì ṣe wágọ́ọ̀nù rẹ̀ fún ẹrù, wọn kò kàn fi ọ̀kan tó le gan-an sí i. Méjì-méjì ni wọ́n fi sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí coilover tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òkè wa, ká sòótọ́.

Àṣìṣe míì wà lórí òrùka yẹn. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá wé e sókè, sípíríǹgì ti le sí i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíga ni ọkọ̀ ga, sípíríǹgì kò yí padà. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń ga sí i lọ́nà yìí ni ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ń jáde tó, ìyẹn ni pé ìrìn tó yẹ kí táyà fi wọ kòtò ti ń tán. Coilover tó dára ní ibi kejì tí a ń wé lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó lè gbé ọkọ̀ ga láìfọwọ́ kan ìrìn yẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ wé.

Ní ọjà, yálà ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Aràrọ̀mí ní Géètì Ìbàdàn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára irin kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ọlọ́jà sọ. Sára ti Eibach, ilé-iṣẹ́ Jámánì, ẹ lè rí 180-60-0050: gígùn mìlímítà 180, ihò inú rẹ̀ 60, líle rẹ̀ 50 Newton sí mìlímítà kan, èyí tó jẹ́ bíi kílò 5. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pọ́n-ùn sí íǹṣì kan kọ tiwọn. Kílò 1 sí mìlímítà kan jẹ́ 56 níbẹ̀. Ẹni tó bá rí 400 tí ẹ̀rù bà á, kó fi 56 pín in: kílò 7 lé díẹ̀ ni. Ihò inú ló sì ń dá ọ̀pọ̀ padà sọ́jà. Mìlímítà 60 wà, íǹṣì méjì àbọ̀ náà wà, èyí tó jẹ́ 63.5. Èyí tó kéré kò ní wọlé sórí òrùka èkejì rárá; èyí tó tóbi á wọlé, ṣùgbọ́n á máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa ha ara ṣọ́ọ̀kì títí tí ìlà yípo rẹ̀ á fi bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta sípíríǹgì ilé-iṣẹ́ tó rí ṣóńṣó lórí fún yín. Ti coilover tẹ́ pẹrẹsẹ lókè àti nísàlẹ̀.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì tó tẹ́jú. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ wọn bí irin náà ṣe nípọn tó. Nínú sípíríǹgì méjì tó jọra ní gbogbo nǹkan yòókù, èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13 fi nǹkan bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún le ju èyí tó jẹ́ 12 lọ. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí ìpẹtà sì ti jẹ irin wọnú, ibẹ̀ ni yóò ti kán.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Sípíríǹgì ń ta ọkọ̀ sókè, ṣọ́ọ̀kì ló ń fà á padà. Bí ẹ bá fi sípíríǹgì tó le gan-an sórí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún èyí tó rọ̀, ọkọ̀ á máa jó lẹ́yìn gegele kọ̀ọ̀kan. Ní ti líle sípíríǹgì tí wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀kì náà fún, kí ẹ má kọjá nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún sókè tàbí sódò láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀kì yẹn fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ iná àti ayùn ló kù. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tó ń fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ ọkọ̀ akẹ́rù rọ àdá àti ọkọ́ mọ̀ pé bí irin yẹn bá pọ́n nínú iná, tó sì rọra tutù, á dẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í sómi lẹ́yìn náà. Mẹkáníìkì tó bá fi iná wẹ́dà rọ sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè balẹ̀, dídẹ̀ yẹn ló ra fún yín. Ẹni tó gé ìká kan nínú mẹ́fà, ó ti mú un le ní ìdá kan nínú márùn-ún láìmọ̀, ó sì ti ba ìjókòó rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi wáyà tàbí okùn di sípíríǹgì kí wọ́n lè tú orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ kúrò níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi kílò bíi 300 sí 400 tẹ̀ pọ̀ lè pa èèyàn bó bá já. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìtẹ̀pọ̀ ni kí wọ́n lò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi í sí i tán, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ díẹ̀ kó lè jókòó, kí wọ́n tún òrùka ìsàlẹ̀ fún, kí ẹ sì ṣe aláímẹ́ǹtì, torí táyà á jẹ láàbọ̀ bí ẹ kò bá ṣe é. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmẹsí lójoojúmọ́, tí kò sì lówó coilover tó dára, ìmọ̀ràn mi fún un kò gùn: yọ èyí tó wà lára ọkọ̀ náà tà fún ẹni tó ń gbé Èkó, kí o sì fi ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ ṣe fún un padà sí i.