Pákó Òrùlé: Lọ́wọ́ Ta Ni Ká Ti Rà Á?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí ilé ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí. Púpọ̀ nínú wa ló ní òbí tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ nílé. Bí a bá sì ti dé fún ìsinmi, àwa tí wọ́n ní a mọ̀wé ni wọ́n máa ń rán lọ sọ́jà. Bí ó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn.

Owó ìfẹ̀yìntì ni bàbá mi fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Ọ̀fà. Nígbà tí iṣẹ́ kan òrùlé, wọ́n kó owó lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ ìṣirò, lọ bá wa ra pákó wá." Ìsọ̀ mẹ́ta ni mo yà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ rọ̀ jù, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn jù, ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá ṣẹ́ńjì padà, bàbá mi gbàdúrà fún mi.

Kò pé ọdún méjì tí òrùlé náà fi tẹ̀ ní àárín bí ẹ̀yìn ẹṣin. Òjò ń kán sórí ibùsùn. Kápẹ́ńtà gòkè lọ, ó ṣẹ́ igi kan bọ̀, ó fi ọwọ́ lásán rún un. Bàbá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí a bá wọn gbé ibùsùn wọn lọ sí yàrá kejì. Èyí dùn mí ju ìbáwí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn kápẹ́ńtà léèrè, tí mo sì ń kàwé lórí igi. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá gbà kí ẹ yẹ pákó rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ bíi C16 tàbí C24 mọ́ pákó ìkọ́lé lára, láti fi bí ó ṣe lágbára tó hàn. Àwa náà ní ìwé ìlànà, NCP 2 ti ọdún 1973, tó pín igi ilẹ̀ wa sí ìsọ̀rí N1 dé N7. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ọjà Katako ní Jos, tàbí ìsọ̀ pákó nílé, mọ̀ pé a kì í sábà rí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Ojú wa ni òǹtẹ̀ wa. Ohun márùn-ún ni kí ojú náà wò.

1. Orúkọ igi

Ẹ má ṣe béèrè "pákó" lásán. Ẹ béèrè irú igi tó jẹ́. Ìrókò àti apá le, ikán kì í sì tètè jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbówó lórí. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, ó dára fún iṣẹ́ inú ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi tí à ń gbé òrùlé lé. Àràbà àti ahùn náà rọ̀. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀: ara igi tó funfun, tó wà lẹ́yìn sí èèpo, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìbáà jẹ́ ti ìrókò pàápàá. Àwọn Haúsá tí à ń bá gbé ní Òkè Ọya yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé igi ju igi lọ. Igi giginya ni wọ́n ń là sí azara fún òrùlé alámọ̀ wọn, nítorí pé ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́.

2. Ìwọ̀n

Ẹ mú tépù lọ. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2 sí 4 yẹ kó nípọn ní ínṣì 2, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4, kí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Òmíràn wà tó jẹ́ 1½ sí 3½. Ẹ ó ní ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí pákó bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí kò ṣe ní í tètè tẹ̀ wà lọ́wọ́ ìnípọn, àti ìbú ní ọ̀nà mẹ́ta:

2 × 4 × 4 × 4 = 128
1½ × 3½ × 3½ × 3½ = 64 ó lé díẹ̀

Ìdajì ti lọ! Ní Amẹ́ríkà, 1½ sí 3½ ni wọ́n ń pè ní 2 sí 4 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin ìwọ̀n wọn, òun náà sì ni àwọn ẹnjiníà wọn fi ń ṣírò. Tiwa kọ́ nìyẹn. Kápẹ́ńtà wa ṣírò pákó pípé, ọlọ́jà fún wa ní èyí tó dín.

Iye owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi 100 náírà ṣe àpẹẹrẹ fún pákó pípé. Igi tó wà nínú èyí tó dín kò ju ti 66 náírà lọ. Ẹni tó bá tà á fún yín ní 85 kò ṣe ẹ̀dínwó kankan.

3. Gbígbẹ

Pákó tútù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ. Ó ń lọ́, ó ń là, ìṣó inú rẹ̀ sì ń dẹ̀. Igi tó ti igbó gúúsù dé sínú ọyẹ́ Òkè Ọya tún burú jù. Ẹ gbé pákó méjì tó jẹ́ irú igi kan náà, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba; èyí tó wúwo jù ló tutù jù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ gé èékú kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ yan án nínú ààrò títí tí kò fi ní í fúyẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ gíráàmù 500 tẹ́lẹ̀, tó wá di 400, omi rẹ̀ jẹ́ 25 nínú 100. Igi tí omi rẹ̀ bá ju 20 lọ lè jẹrà. Ẹ tún gbé pákó sókè, kí ẹ fi ojú kan wo gígùn rẹ̀ bóyá ó tọ́, kí ẹ sì yẹra fún èyí tí kókó ńlá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

4. Oògùn ikán

Bí ọlọ́jà bá ní òun ti fi oògùn sí i, ẹ ní kó gé orí pákó kan, kí ẹ rí bí oògùn náà ṣe wọlé tó. Èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í wọlé púpọ̀. Èyí tí wọ́n rẹ sínú oògùn sàn jù. Ibikíbi tí kápẹ́ńtà bá sì gé, ẹ ní kó tún kùn ún, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

5. Rísíìtì àti ìdápadà

Ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ igi, ìwọ̀n àti iye rẹ̀ sínú rísíìtì, kí ẹ sì fẹnu kò pé yóò gba èyí tó bá lọ́ tàbí tó bá dín padà. Ẹ ka pákó nígbà tí wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀, kí ẹ tún kà á nígbà tí wọ́n bá ń já a. Ẹ béèrè ilé tí wọ́n fi pákó rẹ̀ kọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ lọ wo òrùlé rẹ̀ láti òkèèrè. Bí ó bá tẹ̀, ẹ ó rí i.

Nígbà tí a fẹ́ tún òrùlé bàbá mi ṣe, èmi náà ni wọ́n tún rán. Ọlọ́jà kìíní rí tépù lọ́wọ́ mi, ó bínú, ó ní ṣé olè ni òun ni. Mo kí i, mo kọjá. Èkejì, ìyá àgbàlagbà kan, rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ̀n ọ́n, èyí tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi í sílẹ̀." Owó tiwọn fi díẹ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ wọn ni mo ti rà á, ẹ̀ẹ̀kan yìí kò sí ṣẹ́ńjì. Bàbá mi ti padà sí yàrá wọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe: kí ẹ tó lọ fún ìsinmi, ẹ ṣírò pákó 1¾ sí 3½ bí a ti ṣe lókè, kí ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù nínú 128. Ire o.