Ẹ̀KỌ́: ÀṢÀRÒ NÍ ỌJỌ́ ÌPỌ́NJÚ — AGBÁRA ỌKÀN PẸ̀LÚ OJÚ ÀÁNÚ

Bíbélì kíkà: Sámúẹ́lì Kìíní, orí 30, láti ẹsẹ 1 dé 25.
Ẹsẹ àkọ́sórí: ẹsẹ 6, apá ìparí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí àṣàrò, èyíinì ni pé kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run, kí ó sì fi ọkàn rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ Rẹ̀ yẹ̀wò. Àwa mọ àdúrà kíkan, a mọ orin, a mọ ijó, a mọ ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ká dákẹ́, ìyẹn ló ṣòro fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìpọ́njú kì í dúró dè wá kí a tó kọ́ ọ.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ SÍKÍLÁGÌ

Dáfídì àti 600 ọkùnrin tí ń tẹ̀lé e padà dé ìlú Síkílágì. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Àwọn ará Ámálékì ti sun ìlú náà níná, wọ́n sì ti kó obìnrin àti ọmọ lọ. Àwọn ọkùnrin náà sunkún títí agbára ẹkún fi tán nínú wọn. Nígbà tí ẹkún tán, wọ́n kọjú sí Dáfídì, wọ́n ní kí àwọn sọ ọ́ lókùúta. Ẹ gbọ́ o: wọ́n kó ìyàwó Dáfídì méjèèjì lọ pẹ̀lú. Òun náà wà nínú ọ̀fọ̀, òkúta ni wọ́n sì tún ń wá fún un!

Ẹ wo ọ̀nà méjì tí ìpọ́njú ń gbà ba ọkàn jẹ́. Èkíní ni ẹkún tí ń gba gbogbo agbára ẹni. Èkejì ni òkúta, nígbà tí ọkàn bá le, tí a ń wá ẹni tí a óò dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ní àánú láìní agbára, bí ó bá rí ẹni tí ó já sí kànga, yóò bẹ́ sínú kànga tẹ̀lé e ni. Ẹni tí ó sì ní agbára láìní àánú yóò dúró létí kànga máa bá ẹni náà wí. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ló yọ ènìyàn nínú kànga? Kò sí.

2. DÁFÍDÌ WÁ AGBÁRA LỌ́DỌ̀ ỌLỌ́RUN

Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé Dáfídì wá okun ọkàn lọ́dọ̀ Olúwa Ọlọ́run rẹ̀. Kò sọ ohun tí ó bá ọkàn ara rẹ̀ sọ ní wákàtí náà. Ṣùgbọ́n a rí èso rẹ̀: kò bá àwọn ènìyàn náà jà, kò sì sá. Ó pe Ábíátárì àlùfáà, ó ní kó gbé éfódì wá, ó sì béèrè lọ́wọ́ Olúwa bóyá kí òun lépa wọn. Ó béèrè kí ó tó gbé ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe é, ẹ ka Sáàmù 77. Oorun kò kun ẹni tí ó kọ ọ́, ìdààmú bá a. Kò fi ìrora rẹ̀ pamọ́, ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run bí ó ti rí. Lẹ́yìn náà ó yí ọkàn rẹ̀ padà, ó ń rántí iṣẹ́ tí Ọlọ́run ti ṣe látijọ́. Ìyàtọ̀ àárín ìrònú àti àṣàrò nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ìrònú a máa yí wàhálà kan náà po títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àṣàrò a máa gbé wàhálà náà lọ síwájú Ẹni tí ó ju wàhálà lọ.

3. ỌKÙNRIN TÍ Ó WÀ NÍNÚ PÁPÁ

Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, ó rẹ 200 nínú wọn, wọn kò lè kọjá. Dáfídì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi, 400 bá a lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n rí ọmọkùnrin ará Éjíbítì kan nínú pápá, kò jẹ, kò mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹrú ará Ámálékì ni. Àìsàn ṣe é, ọ̀gá rẹ̀ sì jù ú sílẹ̀. Òun náà wà pẹ̀lú àwọn tí ó sun Síkílágì!

Ẹni tí ń lépa àwọn tí ó kó aya àti ọmọ rẹ̀, ṣé yóò dúró? Wọ́n dúró. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti omi, wọ́n fún un ní àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ àti ìdì èso àjàrà gbígbẹ méjì. Ẹ̀mí rẹ̀ sọjí, òun náà ni ó sì mú wọn dé ibi tí àwọn ọ̀tá wà. Ká ní wọ́n fi ìkánjú kọjá lára rẹ̀ ni, ta ni ìbá fi ọ̀nà hàn wọ́n? Nígbà tí wọ́n sì gba ohun gbogbo padà, Dáfídì kọ̀ pé kí á má fi nǹkan du àwọn 200 tí ó rẹ̀. Ìpín kan náà ni gbogbo wọn gbà.

4. OHUN TÍ OJÚ ÀWA NÁÀ RÍ

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè Nàìjíríà. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n tún un ṣí. Ẹrù jẹrà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wa. Ìyá kan nínú ìjọ wa, tí ń ta tòmátì, tọ àwa àgbà wá pé àwọn ọmọ òun kò rí jẹ. Ojú ń pọ́n àwa náà. Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Ìyá, ẹ lọ máa gbàdúrà, oníkálukú ló ń ru ẹrù tirẹ̀." Àwa yòókù kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá," ó sì lọ.

Lóru ọjọ́ náà, ní ìṣọ́ òru, orí Bíbélì yìí gan-an ni a kà. Nígbà tí a dákẹ́ fún àṣàrò, a kò lè gbé ojú sókè. A ti fi ìkánjú kọjá lára ẹni tó wà nínú pápá. Kí oòrùn tó yọ, a gbé gàrí àti owó díẹ̀ lọ sílé rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Ẹ wá wò ó, ìyá yìí ló kọ́ àwọn ìyá yòókù bí wọn yóò ti gé tòmátì, kí wọ́n sá a sóòrùn, kó má baà jẹrà. Kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ṣùgbọ́n ó gbé ìkòkò kaná nínú ilé púpọ̀.

5. BÍ A Ó TI MÁA ṢE É

(a) Jí ní ìdájí, kí àwọn sẹ́míjàn tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Bọ́ bàtà rẹ, jókòó lórí ẹní, jẹ́ kí èémí rẹ rọlẹ̀.
(b) Dárúkọ ohun tí ń dun ọ́ fún Ọlọ́run. Má bù ú kù, má bù ú sí i.
(d) Rántí ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ti ṣe fún ọ rí. Dúró lórí rẹ̀ pẹ́.
(e) Béèrè pé: ta ni ó wà nínú pápá lójú ọ̀nà mi lónìí?
(ẹ) Dìde, kí o ṣe ohun kan fún ẹni náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbáà ṣe omi tútù.

Ẹ jọ̀ọ́, àṣàrò kò ní kí ẹnikẹ́ni dá nìkan ru ìyà. Ẹni tí kò bá lè sùn, tí kò lè jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó sọ fún àwọn ará, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dáfídì pàápàá kò dá nìkan lọ.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni àwọn ènìyàn Dáfídì ṣe nígbà tí ẹkún wọn tán? Ìwọ ń kọ́?
2. Kí ni ìyàtọ̀ àárín ìrònú àti àṣàrò?
3. Ta ni o ti fi ìkánjú kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ: Olúwa, nígbà tí ilé wa bá jóná, má jẹ́ kí a kú sínú ẹkún, má sì jẹ́ kí a mú òkúta. Fún wa ní ọkàn tí ó dúró àti ojú tí ń rí ẹni tó ṣubú. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín. Halelúyà!