Okùn Fáíbà: Ẹ Ṣọ́ Ojú àti Ìka Yín

Ẹ ti rí àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tẹ́ okùn dúdú gbọọrọ sínú kòtò. Okùn fáíbà nìyẹn. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2010, ọ̀kan nínú wọn, MainOne, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òkun láti ilẹ̀ Pọ́túgà dé Èkó. Ó gùn tó 7,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti fi iṣẹ́ okùn yìí ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Kì í ṣe bàbà bíi ti wáyà iná. Dígí ni, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ojú ènìyàn kò sì lè rí ìmọ́lẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ẹnu okùn sójú láé, kí ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ lè máà rí nǹkan kan, kí ó sì máa ba ẹyinjú yín jẹ́. Ẹ̀rọ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, a kì í fi ojú dán an wò.

Èérún dígí ni ewu kejì. Bí ó bá wọ ìka, ó lè kán sínú ẹran ara, ẹ̀mú kékeré la sì fi ń fà á yọ. Bí ó bá wọ ojú ńkọ́? Ẹ má ra ojú o! Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ wọ awò ojú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ iṣẹ́, kí èérún lè hàn. Ẹ máa kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo tó ní ìdérí. Ẹ má jẹun níbẹ̀, àní ẹ̀pà pàápàá, ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan ojú.

Ó wá ku àpótí tí a ti ń so okùn pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bó èèpo okùn, ẹ kọ ẹnu ọ̀bẹ sí òdìkejì ara yín. Ẹ kọ́kọ́ de ọ̀pá líle inú okùn mọ́ àpótí gírígírí. Bí ẹnìkan bá fa okùn níta, ọ̀pá ni yóò gba agbára náà, kì í ṣe dígí. Ẹ nu gírísì kúrò, ẹ bó awọ ara dígí, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ tó gé e gún régé. Ẹ dé ìgò sípíríìtì pa, torí ẹ̀rọ tí ń jó dígí pọ̀ máa ń ta iná. Kí ẹ sì ti ki ọ̀rá ìdáàbòbò bọ okùn ṣáájú kí ẹ tó jó o pọ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé èyí, yóò gé e, yóò tún un ṣe ni.

Nígbà tí ẹ bá ń ká dígí sínú àpótí, ẹ má ká a há. Òbìrìkìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín ní 6 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá há jù, ìmọ́lẹ̀ yóò máa jò dànù, ó sì lè kán lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ wò ó pé rọ́bà ẹnu àpótí mọ́, kò sì yí, kí òjò má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ dè é pa.