Orúkọ àti Ọ̀nà

Bí àlejò kan bá ti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, orúkọ baálé tí ó ń wá ni yóò dá lẹ́nu. Yóò kí àgbà tí ó bá pàdé pé, “Òkun o, bàbá,” yóò sì béèrè agboolé náà. Àgbà tí ó mọ ìlú yóò nawọ́ sí ọ̀nà, àlejò yóò sì dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àgbà náà kò bá sí nílé ńkọ́? Àlejò yóò dúró sí ìta, kò ní mọ ibi tí yóò yà sí. Síbẹ̀, ọ̀nà kò dí, agboolé kò sì kúrò ní ààyè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rí. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣòro fún ènìyàn láti há sórí, nítorí náà ni a ṣe ń fi orúkọ pè wọ́n. Ní ọdún 1983 ni Paul Mockapetris, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò tí a ń pè ní DNS kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ nọ́ńbà tí ó bá orúkọ kọ̀ọ̀kan mu. DNS ni àgbà tí ó mọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà. Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò yóò parí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọ̀gá àgbà ní kí a tú gbogbo wáyà, kí a sì fa òmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ní sùúrù díẹ̀.” Ó lọ sídìí switch, èyíinì ni àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti pàdé. Ó ti sọ nọ́ńbà DNS fún switch náà tẹ́lẹ̀. Ó kọ ping, ó fi orúkọ ibi ìforúkọsílẹ̀ tẹ̀ lé e. Switch kò rí nọ́ńbà kankan fún orúkọ náà. Ó tún kọ ping 8.8.8.8, èyí tí í ṣe nọ́ńbà Google. Ìdáhùn dé kíá. Ó mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà mọ́, àgbà ni kò sí nílé. Ó fi nọ́ńbà DNS mìíràn sí ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn ọmọ ti forúkọ sílẹ̀, a kò sì tú wáyà kan.

Bí nọ́ńbà pẹ̀lú kò bá dáhùn, wáyà àti ọ̀nà ni à bá yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí a pe ju nọ́ńbà kan lọ, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í jẹ́ ìpè ping.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook àti WhatsApp dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 6 káàkiri ayé. Ẹni tí ó béèrè orúkọ Facebook kò rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi orúkọ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀: àṣìṣe kan ni ó gé ọ̀nà inú ilé-iṣẹ́ náà, tí kò fi sí ọ̀nà mọ́ láti dé ọ̀dọ̀ DNS rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ má ṣe kánjú gbé ọkọ́ àti àdá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé orúkọ ni kò jẹ́ ni, àbí ọ̀nà ni ó dí?